Bí Ìgúnpá Mi Ṣe Yẹ̀ ní Igbó Aláìkánjú

Ẹ fà sún mọ́ ibí, kí omi òṣòòrò má ta sí yín lára. Òjò yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oko lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ìgúnpá mi yìí sinmi. Láti ìgbà tí ojú ọjọ́ ti ṣú ni mo ti ń fi ọwọ́ òsì pa á lára, mo sì rí yín tí ẹ ń fi ojú bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó dáa, ẹ ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ará Agbóyè, ẹni tó pàdé ẹfọ̀n létí odò tí ẹfọ̀n sì ní kí n kọ́kọ́ mu, ẹni tí ìkookò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò láti ọ̀ọ́kán kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n sì tètè sá. Bí irọ́ bá wà nínú èyí tí mo sọ yìí, kò pọ̀. Nínú ìtàn tó ń bọ̀ yìí kò sí rárá, torí ohun tó bá dun ènìyàn dé eegun, ènìyàn kì í rí àyè parọ́ mọ́ ọn.

Ọdún tí baba mi kú ni. Kò ṣàìsàn pẹ́. Nígbà tó rí i pé òun ń lọ, ó ní kí n jókòó ti òun lórí ẹní. Ó bọ́ ìfúnpá tó wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn oògùn tí wọ́n rán sínú awọ, tí àwa ọdẹ máa ń so mọ́ òkè apá. Ó so ó mọ́ apá tèmi, ó sì ta á ní kókó bí ẹni tí kò fẹ́ kí n já a bọ́. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, èyí ni mo fi ń wọ igbó, òun náà ni mo fi ń jáde. O ò gbọdọ̀ tú u nínú igbó. Ilé ni kí o ti so ó, ilé ni kí o ti tú u." Kò tún sọ̀rọ̀ gidi kan mọ́ títí ó fi dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin baba, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ṣe ń rí. Ó máa ń wúwo ju gbogbo èyí tí wọ́n ti sọ láyé wọn lọ, kódà kó jẹ́ pé omi ni wọ́n bèèrè. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ku ìṣípà, ètùtù tí ẹgbẹ́ ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú kó má baà máa bá wọn rìn nínú igbó mọ́. Nílùú tiwa, ọmọ òkú ló gbọ́dọ̀ pa ẹran tí wọn yóò fi ṣe é. Baba Ọdẹ́gbàmí, àbúrò baba mi, ni Olúọdẹ nígbà náà. Òun ló dá ọjọ́ fún mi. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ní kí n mú ẹnìkan dání. Mo bi í bóyá igi ìdáná ni mo ń lọ ṣẹ́. Ó wo ìfúnpá náà, ó ní ó fún mi jù. Mo ní bí baba mi ṣe so ó ni yóò ṣe wà.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn àti ibi tí mo sùn da yín láàmú. Igbó Aláìkánjú ni mo lọ. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ohun tó ń yára níbẹ̀: igi ń dàgbà pẹ̀lẹ́, omi ń ṣàn pẹ̀lẹ́, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ pàápàá kì í kánjú pani. Mo rí igi ìyeyè kan tí èso rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu lábẹ́ rẹ̀, mo sì ṣe ẹ̀gùn sórí ẹ̀ka kan tí mo lè jókòó lé kí n máa ṣọ́ ọ. Ní àárọ̀ kan tí ìrì ṣì bo ilẹ̀, ẹtu dé. Akọ ni, ó sanra. Ìbọn mi dún, ẹtu wólẹ̀, kò tilẹ̀ ta pàkúpàkú. Inú mi dùn dé ibi tí kò dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi lórí igi, mo ki baba mi, mo tún padà ki ara mi, mo ń fi ìkánjú sọ̀ kalẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ní kí á má kánjú, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀ lórí èèpo igi tó tutù.

Ẹ gbọ́ o, bí ènìyàn bá ń ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ kì í tọrọ àṣẹ kó tó na ara rẹ̀. Mo na ọ̀tún láti fi gba ilẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, apá mi nà gbọọrọ, gbogbo ìwúwo ara mi sì rọ̀ lé e. Nǹkan kan dún "kàù" nínú ìgúnpá mi. Mo ti gba ìwo ẹfọ̀n sí itan rí, mo ti tẹ tàkúté rí, ṣùgbọ́n èyí tún yàtọ̀. Nígbà tí mo lajú wo apá náà, mi ò mọ̀ ọ́n ní tèmi. Ó ká dé ìdajì, kò ṣe é nà, kò ṣe é ká sí i. Ṣóńṣó ìgúnpá ti yọ sẹ́yìn, ihò sì wà lókè rẹ̀ níbi tí kò ti yẹ kí ihò wà. Láti ìgúnpá sí ọwọ́ wá kúrú ju ti òsì lọ. Ó ti ń wú kí n tó jókòó dáadáa. Mo fi òsì gbé ẹtu kọ́ èjìká, mo gbé ìbọn kọ́, mo gbé ọ̀tún lé ikùn, mo ń lọ sílé. Mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé ọdẹ tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, ìbọn rẹ̀ kò sàn ju igi ìdáná lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi bá ẹ̀dá kan lójú ọ̀nà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ lẹ́yìn, ìgúnpá wà lórí ìgúnpá nínú apá ọ̀hún, ọ̀kan ń ká síwájú, èkejì ń ká sẹ́yìn. Ó ní Fàáyọ ni wọ́n ń pe òun. Ó ní òun gbọ́ ìgbà tí apá mi dún, òun sì ti ń bọ̀ láti ìgbà náà, iṣẹ́ òun ni kí òun máa fa apá. Mo kí i dáadáa, torí a kì í fi àìkíni bẹ̀rẹ̀ ìjà nínú igbó. Mo ní kó jẹ́ kí n kọjá. Ó ní bí mo bá mọ àlọ́ òun, n ó kọjá. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò fa apá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo agbára òun, ohun tó bá tẹ̀lé òun wá sì di ti òun. Ó wá ní:

"Ẹni mẹ́ta pàdé ní ìkóríta tí oòrùn kì í dé. Ọ̀kan ti òkè wá, méjì ti ìsàlẹ̀ wá. Bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn yé, ẹnu á rí oúnjẹ. Bí wọ́n bá jà, ebi á pa onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Kí ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ronú, ẹ fi sílẹ̀, ara ẹni kì í yẹ̀ kí ó má kọ́ni lọ́gbọ́n. Mo ní, "Ìgúnpá ni. Eegun kan ti èjìká wá, méjì ti ọrùn-ọwọ́ wá. Wọ́n sì ti jà nínú tèmi." Inú bí i pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀dá inú igbó máa ń pa àdéhùn mọ́ bí àdéhùn náà bá gbè wọ́n. Ó ní òun ṣì máa fà á, pé ó ń ṣe òun bí ẹni pé ọwọ́ ń yún òun. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí bí wọ́n bá ń wò mí nígbà tí mo ń jẹ̀rora, kó dijú. Ó dijú. Ìtàkùn ńlá kan wà níbẹ̀ tó gun igi gbígbẹ kan dé orí. Mo fi í lé e lọ́wọ́, mo ní ó yá. Fàáyọ fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ ya lulẹ̀, ó wó lé e mọ́lẹ̀ tòun ti apá rẹ̀ gbogbo, mo sì ré e kọjá mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń sá ni mo ń wo ìtàkùn náà nínú ọkàn mi, bó ṣe já tí awọ rẹ̀ bó.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Fàáyọ pọ̀ nígboro o. Mo ti rí i lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí ọmọ kan ṣubú tí ìgúnpá rẹ̀ yẹ̀, tí gìrìpá kan sáré dé, tó fi ẹsẹ̀ ti ọmọ náà níhà tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ nílẹ̀. Inú rere ni ó fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ìkóríta yẹn, iṣan wà níbẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, okùn tínrín tó ń jẹ́ kí ìka mọ gbígbóná mọ tútù náà ń gba ibẹ̀ kọjá, eegun sì lè ti fọ́ díẹ̀ tí ojú kò rí i. Ẹni tó bá fà á ní ìfàkúfà lè já gbogbo wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí mo dé abúlé kan tí n kò mọ̀ rí. Àwọn ará ibẹ̀ kúrú, wọ́n fi aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún wọn, gbogbo wọn sì ní àánú. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n gbé omi wá. Obìnrin kan tó jẹ́ olórí wọn fi ẹnu gbé igbá omi náà wá, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú. Mo rò pé àṣà wọn ni. Wọ́n mú pákó ọparun wá, wọ́n mú okùn wá, wọ́n ní ohun tí a bá dì pinpin kì í yẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àárẹ̀ ti mú mi, ènìyàn tí àárẹ̀ bá mú, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́ ni ó ń gbà gbọ́. Wọ́n ti ń we okùn náà mọ́ apá mi nígbà tí atẹ́gùn ṣí aṣọ obìnrin yẹn, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀. Ó dúdú, ó ti gbẹ, àwọn ìka rẹ̀ ti ká jọ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò. Okùn àtijọ́ kan ṣì wà ní òkè apá rẹ̀, ara ti hù bò ó. Mo wo àwọn tó kù, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí lábẹ́ aṣọ.

Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò tú u?"

Ó ní, "Ẹni tó dì í fún wa ló ní kí á má tú u. Ó sì ti kú. Ta ni ká wá lọ bi?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo fi eyín já okùn wọn, mo dìde, mo sá. Wọn ò lé mi, wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń ké pè mí pé mo gbàgbé ẹtu mi. Lóòótọ́ ni mo gbàgbé rẹ̀ sórí ẹní wọn. Ẹran ìṣípà baba mi, mo sì mọ̀ pé n kò jẹ́ padà lọ gbé e. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú fi ata sẹ́nu. Ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ ọdẹ, ìyà tó ń jẹ ọdẹ, bí ọdẹ bá ro ti ìṣẹ́ ro ti ìyà, bí ọdẹ bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi kò tilẹ̀ ní ẹran tí n ó fi du ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé etí odò kan tí àpáta pẹlẹbẹ nà sórí omi rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, kò tóbi ju ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé lọ, gbogbo ara rẹ̀ sì kún fún oríkèé débi pé bó bá mí, ó máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Apá kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ni Ìyá Oríkèé. Mo fi ìgúnpá mi hàn án. Kò wò ó. Ọwọ́ mi ló gbé, ó fi èékánná rẹ̀ tẹ èékánná mi, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe padà síbẹ̀. Kò tètè padà. Ó fi ìka kan àwọn ìka mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀lé e, mo ní n kò mọ̀ bóyá ó kàn mí. Ó wá gbé ìka lé ọrùn-ọwọ́ mi níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń sọ, ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Ọmọ ọdẹ, n kì í fọwọ́ kan ìgúnpá ẹni tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló ń fún un lọ́rùn lókè yìí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìfúnpá baba mi. Apá ti wú títí awọ náà fi rì sínú ẹran, tí ẹran wú bo etí rẹ̀ lókè nísàlẹ̀. Mo ti rí okùn lára obìnrin yẹn, mo ti sá fún un, síbẹ̀ n kò wo apá ara mi. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Oríkèé pé baba mi ló so ó, pé ó ní n kò gbọdọ̀ tú u nínú igbó, pé n ó tú u bí mo bá délé. Ó bi mí bí ilé ṣe jìnnà tó. Mo sọ fún un. Ó ní ọwọ́ náà kò ní bá mi délé. Mo ní kó kọ́kọ́ to ìgúnpá mi, ìfúnpá ṣì lè dúró. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé orí wá, wọ́n á ní kí ènìyàn wo fìlà sàn. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó ṣì ń bá mi sùn títí dòní.

"Nígbà tí baba rẹ so ó, kí ló fẹ́ kó ṣọ́? Apá ni, àbí awọ?"

Mo sunkún, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kì í ṣe torí ìrora. Bí ẹni pé baba mi ń kú lẹ́ẹ̀kejì ni, èmi ni n ó sì pa á lẹ́ẹ̀kejì yìí. N kò rí i tú, torí òsì nìkan kò lè tú kókó tí ara ti gbé mì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ó ku ọ̀bẹ. Ọdẹ kì í sì fi ọ̀bẹ rẹ̀ lé ẹ̀dá inú igbó lọ́wọ́, èèwọ̀ ni, ọmọdé tó bá ń bá baba rẹ̀ dẹ tàkúté ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá Oríkèé na ọwọ́, ó sì dúró, kò kánjú mi. Mo yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo sọ fún baba mi pé kó jọ̀wọ́. Ó ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ abẹ́ awọ, ó gé e, ìfúnpá já. Ẹ̀jẹ̀ sáré wọ ọwọ́ mi, ó ta mí bí ìgbà tí èèrùn bo ènìyàn, àwọn ìka mi pọ́n padà. Ó gbé ìka lé ọrùn-ọwọ́ mi, ó ní ó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì dá ọ̀bẹ mi padà.

Ó wá ní kí n dojú bolẹ̀ lórí àpáta náà, kí apá ọ̀tún mi rọ̀ sísàlẹ̀ láti etí rẹ̀ sí ojú omi. Ó ká aṣọ sábẹ́ apá mi. Mo ti múra fún ìfàkúfà, mo ti di eyín. Kò fà á. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú, ó kàn so ìwúwo ara kékeré rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Kí ni baba mi fẹ́ràn láti jẹ? Mo ní iṣu àsun pẹ̀lú epo. Ṣé ó máa ń kọrin? Mo ní ó máa ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò dùn. Ó ní kí n ki baba mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, àwọn iṣan tó ti le gan-an lápá mi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ibi tí mo ti dé orúkọ ìyá baba mi ni ó fi ọwọ́ kejì gbé òkè apá mi sókè díẹ̀, tó sì fi àtàǹpàkò ti ṣóńṣó ìgúnpá síwájú. Ó dún "kó." Ohùn jẹ́jẹ́ ni, bí ìlẹ̀kùn tó bá ara rẹ̀ mu. Ìrora tó ti ń bá mi rìn láti àárọ̀ fi mí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ká apá náà, ó nà án díẹ̀, ó tún padà sí ọrùn-ọwọ́ mi láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀, kó tó fi aṣọ gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

Mo bi í pé kí ni n ó san. Ó ní ìmọ̀lára ọmọńdinrín mi ni òun yóò mú, pé mo pẹ́ kí n tó jẹ́ kí òun gé awọ, òun tó ń dúró kò dúró lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ohun kan ṣì kù. "Ojú ìta ni mo fi rí eegun rẹ. Lọ bá àwọn tó ń ya fọ́tò inú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ apá náà. Má sì gbé e kọ́rùn pẹ́ jù, ìlẹ̀kùn tí wọn kò bá ṣí, yóò dógùn-ún." Mo kó ìfúnpá tó já sínú àpò, mo lọ.

Ẹgbẹ́ ọdẹ ti pé jọ sílé baba mi nígbà tí mo wọlé. Gbogbo wọn wo èjìká mi, kò sí ẹran. Wọ́n wo apá mi, kò sí ìfúnpá. Baba Ọdẹ́gbàmí bi mí láti orí ìjókòó rẹ̀ pé, "Ọdẹ́rìndé, kí lo mú bọ̀ láti igbó?"

Mo ní, "Baba, ọwọ́ mi ni mo mú bọ̀."

Ó dìde. Ó wá di ọwọ́ náà mú, ó rí ojú ibi tí awọ ti bù mí jẹ yí apá ká, ó fi ìka tọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò bá ọwọ́ mi ṣọ̀tá rí, kí wọ́n wá ẹran mìíràn. Àwọn kan kùn. Wọ́n kùn títí wọ́n fi ṣe ìṣípà náà tán pẹ̀lú ẹran tí ẹlòmíràn pa, mo sì jókòó níbẹ̀ bí àlejò nílé baba mi. Ọ̀kan nínú wọn gbé òrí àti omi gbígbóná wá láti wọ́ apá mi, Àwẹ̀ró ló dúró lójú ọ̀nà tó ní wọn kò ní wọlé. Òun ló mú mi lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ kejì tí mo ti igbó dé. Dókítà ya fọ́tò eegun náà, ó ní ó ti jókòó sí àyè rẹ̀, pé èérún eegun kékeré kan ti kán létí rẹ̀ ṣùgbọ́n kò dí ìlẹ̀kùn. Ó bi mí ta ló to ó. Mo ní ìyá àgbà kan ni. Ó fi aṣọ líle dì í ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bí àwọn ìka mi bá tutù tàbí bí wọn kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí n tú u fúnra mi kí n sì máa bọ̀ lọ́gán. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: kí n tú u fúnra mi. Ó ní bí wọ́n bá wọ́ ìgúnpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀, eegun tuntun lè hù nínú ẹran. Kò pẹ́ tó fi ṣí i, ó ní kí n máa ká a kí n máa nà án lójoojúmọ́, ó dùn mí dé àyà.

Òun nìyí. Kò nà tán, ẹ wò ó. Bí mo bá fi ọmọńdinrín kan iná, ojú mi ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ti pa ẹran pẹ̀lú ọwọ́ yìí lẹ́yìn ìgbà náà ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá wà nínú igbó tí ewé bá mì lẹ́yìn mi, mo máa ń rò ó pé baba mi ni, pé ó wá wo apá mi. N kò tíì mọ irú ojú tó fi ń wò ó.

Nígbà tí àkọ́bí mi Ọdẹ́bòdé, tó jókòó ti ògiri yẹn, gba ìbọn tirẹ̀, mo tún ìfúnpá náà rán. Mo fi awọ kún un kó gùn sí i, n kò sì ta á ní kókó. Ojóbó ni mo ṣe sí i, ìka ọwọ́ òsì kan lè fà á yọ. Mo so ó mọ́ ọn lápá níwájú ìyá rẹ̀. Mo ní, "Bí apá bá wú, fà á. Bó jẹ́ inú igbó, fà á. Èmi tí mo so ó ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ nísinsìnyí tí mo ṣì wà láàyè, kí o má baà máa wá òkú tí o máa bi."